Àwọn Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Ọ̀gá, àti Àwọn Tó Ń Gbà Wọ́n Wọlé
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa sọ)

 

Nígbà tí ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò, àwọn kan láàárín yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló pa ẹni tó ń ti ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ẹ wo tábìlì ìdúnàádúrà. Ẹni tó jókòó sí òdìkejì wa, tó ń ka ìṣirò sí wa létí pé owó oṣù kò ṣeé fi kún, ó níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Èkejì ni pé àwọn ọmọ wa náà ti ń fẹ́ lọ síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́tàn sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí tó wà láyé, ti Harvard ní Amẹ́ríkà la mú, nítorí òun ni ìyá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 80 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni oyè tí wọ́n ń pè ní MBA sì ti kọ́kọ́ jáde. Ní 1924, olówó onílé-ìfowópamọ́ kan tó ń jẹ́ George F. Baker gbé mílíọ̀nù 5 dọ́là kalẹ̀ kí wọ́n fi kọ́lé fún un létí odò Charles, lápá ìlú Boston. Ẹ má rò pé ibẹ̀ jìnnà sí wa o. Àwọn ará Harvard ló gba ilé-ẹ̀kọ́ IESE ti Barcelona ní orílẹ̀-èdè Sípéènì nímọ̀ràn nígbà tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ MBA tirẹ̀ ní 1964. IESE yìí kan náà ló ti Lagos Business School lẹ́yìn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991. Omi odò Charles ti ṣàn dé Ajah.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀ yàtọ̀. Olùkọ́ kì í dúró kó máa ka ìwé sí akẹ́kọ̀ọ́ létí. Wọ́n á kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tó wà nínú ìṣòro, akẹ́kọ̀ọ́ á kà á ní alẹ́, bó bá di òwúrọ̀ olùkọ́ á ṣàdédé pe orúkọ ẹnì kan: bó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀, kí lo máa ṣe? Ẹni tí kò bá kà á yóò gba ìtìjú lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, nípa ilé-iṣẹ́ bàtà kan tí wọ́n pè ní General Shoe Company. Kí ni ìṣòro tó wà nínú rẹ̀? Pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí agogo ìparí iṣẹ́ tó lù! Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ìtàn àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n fi kọ́ ọ̀gá, ẹjọ́ wa ni, a kò sì sí nínú kíláàsì láti rojọ́.

Àwọn wo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀? Kì í ṣe ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ tó bí ọdún márùn-ún, ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní ilé-ìwòsàn, nínú iṣẹ́ ológun. Ó lé ní ìdá mẹ́ta wọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Àwọn tó wọlé ní 2024 jẹ́ 930, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ̀wé béèrè tó bí 10,000. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á pín wọn sí kíláàsì tí ènìyàn bí 90 máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn á ṣe ní ọdún àkọ́kọ́, olúkúlùkù á sì gbé káàdì orúkọ rẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin wa, ẹ fetí sílẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó gba obìnrin sínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì náà ní 1963, àwọn mẹ́jọ péré ni.

A fẹ́ dúró díẹ̀ sórí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Lillian Lincoln ni orúkọ rẹ̀, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti ìgbèríko Virginia. Iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ṣe nílé àwọn olówó ní New York kó tó padà sí ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Howard. Olùkọ́ kan níbẹ̀, H. Naylor Fitzhugh, tó gba oyè Harvard ní 1933 nígbà tí aláwọ̀ dúdú kò tíì ju díẹ̀ lọ níbẹ̀, ló rọ̀ ọ́ pé kó kọ̀wé síbẹ̀. Ó wọlé. Àwọn tó jọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì ńlá náà kò ju ká fi ọwọ́ kà wọ́n lọ. Ní 1968, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn kò jókòó kí wọ́n máa ráhùn lábẹ́lẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá olórí ilé-ẹ̀kọ́, George P. Baker (orúkọ jọ orúkọ ni, kì í ṣe olówó ti 1924 yẹn), wọ́n ní iye àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbà kéré jù. Àwọn fúnra wọn tún rìnrìn-àjò lọ wá ènìyàn ní àwọn yunifásítì mìíràn. Iye náà sì pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà ṣì wà títí di òní, African-American Student Union ló ń jẹ́. Ẹ gbọ́ o, "Union" ni wọ́n pè é! Lillian gba oyè rẹ̀ ní 1969, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 1976 ó dá ilé-iṣẹ́ tó ń gbá ọ́fíìsì àti ilé ńlá sílẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì dé 1,200 kó tó tà á. Bóyá ó rántí ọwọ́ ìgbálẹ̀ tirẹ̀ nígbà tó ń san owó fún wọn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ.

Ó wá kan àwọn tó ń gbani wọlé. Àwọn ènìyàn wa máa ń rò pé baba ńlá kan ló jókòó síbẹ̀ tó ń wo ojú ẹni tó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń ka ìwé tí o kọ nípa ara rẹ, àbájáde ìdánwò rẹ láti yunifásítì, máàkì GMAT tàbí GRE, àti lẹ́tà àwọn méjì tó jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ. Àwọn tí wọ́n bá ṣà ni wọ́n ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹni tó ń bi ọ́ léèrè sì ti ka gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ kó tó jókòó. Nítorí náà, irọ́ inú fọ́ọ̀mù kì í pẹ́ kó tó tú.

Lẹ́yìn àwọn tó ń kàwé yìí, àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń bẹ ní gbogbo Yunifásítì Harvard, tí ń to fáìlì, tí ń gbé tẹlifóònù, tí ń fèsì lẹ́tà. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ìbò já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1977 àti 1981. Wọn kò dẹ́kun. Wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé fífẹ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe ìkórìíra Harvard. Ní oṣù Karùn-ún 1988 wọ́n tún dìbò. Ìbò 44 péré ni wọ́n fi borí! Yunifásítì kọ́kọ́ lọ pẹjọ́ lórí ìbò náà, kó tó wá gbà. Àdéhùn àkọ́kọ́ dé ní 1989. Ẹ wò ó, yunifásítì tí ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàádúrà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mú un jókòó nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn ọmọ wa wàyí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ta ilẹ̀ rẹ̀, ó kó owó fún ẹnì kan tó ní òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò rí owó, kò rí lẹ́tà. Kò sí aṣojú kankan nílùú wa tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ẹni tó bá sì ní òun jókòó níbẹ̀, ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù wà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní lè béèrè kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní yunifásítì wa, wọn kì í béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ gan-an, a kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n bí àìní ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe tó ni wọ́n fi ń ṣèrànwọ́, kì í ṣe bí máàkì bá ṣe tó. Ní 2022 wọ́n kéde pé àwọn tí àìní wọn pọ̀ jù, tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò ní san owó ẹ̀kọ́ rárá. Ọmọ tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì pàápàá lè kọ̀wé sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní 2+2: wọ́n á gbà á, yóò kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, kó tó wá.

Àwa tí a ti dàgbà ńkọ́? Harvard ti ní ẹ̀kọ́ kúkúrú fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti 1942. Ìyẹn jìnnà sí àpò ẹ̀ka wa. Èyí tó sún mọ́ wa wà ní Ìlọrin, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu pè, òun tó wà níwájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945. Ìdúnàádúrà owó oṣù tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tí yóò jókòó fún wa tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò èrè àti gbèsè ilé-iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ wa ń gbé àbá kalẹ̀ pé kí ẹ̀ka rán ènìyàn méjì lọ sí Ìlọrin, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láti inú owó ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀. Akápò ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ alága. A bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde, kí a dìbò lórí rẹ̀ kí ìpàdé yìí tó tú.