Ìbínú Ọmọdé Ní Jẹ́lé-ó-sinmi



Ìdájí ni ọ̀pọ̀ wa ní Festac àti Amuwo-Odofin ń gbé ọmọ ọdún méjì sí jẹ́lé-ó-sinmi, ká lè bá ọkọ̀ ní Mile 2. Bí tíṣà bá ní ká má gbé e wá mọ́ nítorí pé ó ń yí ilẹ̀, ó ń gé ẹlòmíràn jẹ, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ wà nínú ewu.

Ọmọ náà kì í ṣe ìpáǹle. Ohun tó ń fẹ́ ló pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí kò rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni í da iṣẹ́ sílẹ̀. Ebi àti àìsùntó a sì máa dá kún un.

Ẹ bẹ tíṣà kó má nà án. Kó jókòó tì í jẹ́ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, kó wá sọ pé, "O fẹ́ bọ́ọ̀lù, kò tíì kàn ọ́." Kó má tìtorí igbe gbé e fún un.

Àwa òbí, ká tètè tẹ́ ọmọ sùn, ká sì sọ fún tíṣà bí òru ṣe rí. Bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.