Ta Ló Lọpọ́n? Àtúnṣe, Ìbéèrè àti Ìbínú nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Agbágéèmù ni ẹni tó ń gbá a, onígéèmù sì ni ilé-iṣẹ́ náà. Àtúnṣe, tí gbogbo onífóònù ń pè ní ọ́pdéètì, ni ohunkóhun tí onígéèmù bá fi kún un, tó yọ kúrò, tàbí tó yí padà. Ìtumọ̀ kò jù báyìí lọ. Ibi tí géèmù yìí ti yàtọ̀ sí ayò ni ọ̀rọ̀ ọpọ́n. Ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n ayò ti tà á tán, kò lè padà wá lóru láti sọ ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta di ogójì. Onígéèmù kò ta ọpọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ̀ ni gbogbo ayé ti wá ń ta á, ó sì lè yí òfin padà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó RuneScape, géèmù tí Andrew Gower àti Paul ọmọ ìyá rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2001, tí ilé-iṣẹ́ Jagex ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń bójú tó. Inú ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n ti ń gbá a nígbà náà. Àwọn tó mọ ilé sáíbà nílẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà yẹn, nígbà tí ènìyàn ń ra wákàtí, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sùn síbẹ̀ torí pé owó òru dín sí ti ọ̀sán, yóò mọ ohun tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí: kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ibi tí ènìyàn bá sì bá a dé lánàá ni yóò bá a lọ́la.

Bíbá a níbẹ̀ lọ́la yìí gan-an ni gbòǹgbò ìbínú. Nínú RuneScape, iṣẹ́ ọwọ́ ni ènìyàn ń kọ́: igi gígé, ẹja pípa, idà jíjà. Kí iṣẹ́ kan tó dé ìpele 99, agbágéèmù gbọ́dọ̀ kó àmì 13,034,431 jọ. Ẹni tó dé ìpele 92 ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn bí ìdajì ọ̀nà ni. Oṣù àti ọdún ni èyí ń gbà, ọ̀pọ̀ agbágéèmù sì ń san owó oṣooṣù lé e. Bí òfin bá yí, iye iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó yí padà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ̀wé nípa géèmù láì gbá ọ̀kan rí máa ń fo ibí yìí kọjá, wọ́n á sì wá sọ pé ìkórìíra ohun tuntun ló ń dààmú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ó yẹ kí wọ́n jókòó gbá a ná.

Ìjà àkọ́kọ́ tó le bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Àwọn kan ń ta owó inú géèmù fún owó gidi, káàdì báńkì tí wọ́n jí ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù. Nígbà tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà padà lọ́wọ́ Jagex, ilé-iṣẹ́ náà rí i pé ewu ńlá ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó fòpin sí ìjà láàárín agbágéèmù nínú aginjù tí wọ́n ń pè ní Wilderness. Nígbà tí oṣù Kìíní 2008 dé, ó fi òdiwọ̀n sí pàṣípààrọ̀: bí ohun tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ bá níye lórí ju ti ẹnì kejì lọ dé ibì kan, ẹ̀rọ kò ní gbà á. Ẹ̀gbọ́n kò lè ta àbúrò lọ́rẹ mọ́. Àwọn agbágéèmù kóra jọ nínú géèmù náà láti fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀pọ̀ sì lọ. Ìdí tí Jagex fi ṣe é lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò jalè ló jẹ ìyà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dìbò: ó lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún ìbò, ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí wọ́n dá ìjà inú aginjù àti pàṣípààrọ̀ tí kò ní òdiwọ̀n padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2011, wọ́n dá a padà.

Ènìyàn á rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 2012, àtúnṣe Evolution of Combat dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí agbágéèmù bá tẹ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ẹ̀mí ara rẹ̀, kó jẹ ẹja nígbà tó bá yẹ, kó pààrọ̀ ohun ìjà lásìkò. Ìrọ̀rùn yìí ń jẹ́ kí ó lè máa bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àtúnṣe dé, ọ̀pá kan jókòó sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n ìjà tò lọ lórí rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú bọ́tìnnì tirẹ̀ àti àkókò tó gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà mọ bí a ṣe ń jà di akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Èrò fọ́n ká.

Jagex wá kéde pé ẹ̀dà géèmù náà kan láti oṣù Kẹjọ 2007 ṣì wà ní ìpamọ́, ó sì béèrè bóyá kí wọ́n ṣí i. Ìbò tó lé ní 440,000 wọlé. Ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2013 ni Old School RuneScape ṣí, wọ́n sì gbé òfin kan kalẹ̀ fún un: ohun tuntun kò ní wọlé àfi bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò bá fọwọ́ sí i.

Níbí ni àríyànjiyàn àtijọ́ ti ń yọjú, kò sì ní ṣeé fò. Ọ̀wọ́ kan wà tó gbà pé agbágéèmù kò mọ ohun tó ń fẹ́: pé àárò ìgbà èwe rẹ̀ ló ń sọ ọ́, àti pé àwọn tó ń pariwo kéré sí àwọn tó dákẹ́. Apá kejì yẹn jẹ́ òótọ́. Ti àkọ́kọ́ ni kò dúró. Níbi BlizzCon, ìpàdé ilé-iṣẹ́ Blizzard, ní 2013, ẹnì kan béèrè bóyá wọn yóò ṣí ẹ̀dà àtijọ́ World of Warcraft, géèmù ilé-iṣẹ́ náà. Èsì tí J. Allen Brack, ọ̀kan nínú àwọn olórí géèmù náà, fún un ni pé ó kàn rò pé òun fẹ́ ẹ ni, kò fẹ́ ẹ ní ti òótọ́. Ní oṣù Kẹrin 2016, Nostalrius, tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ṣí fúnra wọn láti máa gbá ẹ̀dà àtijọ́ yẹn, kógbá sílé nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò Blizzard dìde sí i, àwọn tó lé ní 200,000 sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2017, Brack kan náà ló dúró lórí pèpéle BlizzCon tó kéde pé wọn yóò ṣí i. Oṣù Kẹjọ 2019 ni WoW Classic dé, èrò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tò fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Bí ọ̀wọ́ náà bá ṣì ń jiyàn, géèmù Star Wars Galaxies ń bẹ. Ní oṣù Kọkànlá 2005, Sony Online Entertainment fi àtúnṣe kan dín iṣẹ́ tó lé ní ọgbọ̀n kù sí mẹ́sàn-án péré, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ta àfikún géèmù náà tó dá lórí òfin àtijọ́ fún àwọn ènìyàn. Wọ́n ní láti dá owó àfikún yẹn padà fún ẹni tó bá béèrè. Géèmù náà kò gbérí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi tì í ní oṣù Kejìlá 2011. Àwọn tó ń gbá a ti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ẹ̀dùn ọkàn agbágéèmù ṣeé gbà gbọ́; àbá tó mú wá ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní ti ohun tí wọ́n ń béèrè fún, ìbò Old School náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn tó ti ní ìpele gíga kì í fẹ́ kí ọ̀nà rọrùn fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ tuntun kan, Sailing, kùnà níbi ìbò 2015. Warding náà kùnà ní 2019. Wọ́n dín òdiwọ̀n kù sí ìdá 70 ní 2022, Sailing sì wọlé níbi ìbò 2023.

Àwọn mìíràn kì í dúró de ìbò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, agbágéèmù kan tó ti fi ọdún méjì ṣe àwòrán tó jọjú fún Old School gbọ́ pé Jagex kò gbà kí ó gbé e jáde. Ariwo sọ lórí ọ̀rọ̀ náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan sì ni ilé-iṣẹ́ náà yí ohùn padà.

Ọ̀pọ̀ géèmù orí fóònù, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbá ní Nàìjíríà, kò ní irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá gba àtúnṣe sórí fóònù rẹ̀ kì í sábà lè wọlé mọ́, àtúnṣe náà sì lè gba gígábáìtì méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n á fi dátà alẹ́ fà.