Ìgbé Ayé Ọmọ Ẹ̀gbá ní Kùtọnú

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa tó fi Kùtọnú ṣe ibùgbé bá wa sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá

  Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láàrín wa mọ́, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn.

Nígbà tí Akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni kí n sọ. Ó ní, "Sọ bí o ṣe ń gbé níbẹ̀. Gbogbo wa ló rò pé o ti di olówó sẹ́fà." Ẹ gbọ́ o, mi ò tíì di olówó sẹ́fà. Àdìrẹ ni mò ń rà ní Ìtokù, tí mò ń tà ní ọjà Dantokpa. Láti ọdún 2008 ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Kùtọnú kò jìnnà. Ẹni tó bá kúrò ní Làfẹ́nwá ní ìdájí, tó gba Ṣàngó Ọ̀tà lọ sí Ìdìròkò, tó sọdá sí Ìgòlò, tó kọjá Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Kùtọnú bí ojú ọ̀nà bá gbà á. Òyìnbó ló fa ìlà sí àárín wa. Ní 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà láàrín ara wọn, tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà nígbà tí mo ń lọ, mo rò pé ilé ẹbí ni mò ń lọ. Ẹbí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí kọ́ ló ń ṣàkóso ọ́fíìsì.

Onílé mi, ọmọ Àgbómẹ̀ ni. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó wà níbí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló gbógun wá ká wa mọ́ ibí ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864, tí a sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí mo bá lọ san owó ilé, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Nígbà tí àwọn obìnrin wa dé ẹnu odi yín, ṣebí abẹ́ Olúmọ ni ẹ sá sí?" Èmi náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ilé tí mò ń san fún yín yìí ni ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí gbà lọ́jọ́ náà." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Èèyàn dáadáa ni.

Ohun tó ń rẹ àlejò níbẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra. Ìwé ni. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba ìwé ìgbélùú. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ibodè kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò tíì ní òǹtẹ̀ kankan ni wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Wúńdíá ni wọ́n ń pe irú páásípọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tí kò rìnrìn-àjò rí ni òfin dá sílẹ̀ jù, òun náà ni wọ́n ń bù jẹ jù.

Ìgbà tí mo lọ gba ìwé ìgbélùú, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì béèrè ìwé ìbí mi. Mo fún un ní ìwé ìbúra tí mo gbà nílé ẹjọ́ níbí. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ìwé ìbí lòun béèrè, ṣé ilé ẹjọ́ ló bí mi ni? Mélòó nínú wa tó jókòó síbí ló ní ìwé ìbí? Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni pé oṣù tí ogun Bìáfúrà bẹ̀rẹ̀ lòun bí mi. Oṣù Keje ọdún 1967 nìyẹn. Ohun tí a fi mọ̀ pé ojúgbà ni èmi àti Ààrẹ wa náà nìyẹn: ìyá rẹ̀ ń fún un lọ́mú nígbà tí ìyá mi wà nínú oyún mi, wọ́n sì jọ ń pọn omi lódò kan náà. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀rí yẹn tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún méjì gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù, àwọn ojúgbà rẹ̀ á rán an létí. Ní Kùtọnú, ẹnìkan ò bá ìyá mi pọnmi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Lọ ṣe ẹ̀dà, lọ wá ẹni tí yóò tú u sí Faransé, òǹtẹ̀ kò sí níbí yìí, ọ̀gá jáde, padà wá lọ́jọ́ Tuesday. Nígbà tí ìwé náà jáde, wọ́n ti fi orúkọ bàbá mi ṣíwájú, wọ́n sì gbé orúkọ mi sí ìdí, tó fi jẹ́ pé bàbá mi tó ti kú ni wọ́n ń kí káàárọ̀ ní báńkì títí di òní. Mi ò bá wọn jà. Ó wù mí kí n máa gbọ́ orúkọ bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè. Ní Dantokpa, Fọ̀n ni wọ́n fi ń ná ọjà, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ọlọ́kadà wọn tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, zémidjan ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Fọ̀n ni "gbé mi kíákíá", ó sì ń gbé èèyàn kíákíá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òǹkà Faransé ló kọ́kọ́ fẹ́ bá òwò mi jẹ́. Wọn kì í sọ pé àádọ́rin, ọgọ́ta àti mẹ́wàá ni wọ́n ń wí. Bó bá di ọgọ́rin, wọ́n á ní "quatre-vingts", ogún mẹ́rin. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tó yé mi, torí kí ni ọgọ́rin tiwa bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Ibi tí ọ̀nà ti yà ni márùndínlọ́gọ́rin. Àwa yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rin, àwọn fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọgọ́ta. Oníbàárà á ti dá owó lé ọjà, á ti fẹ́ kọjá lọ, èmi á ṣì máa yọ, máa fi kún.

Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ibi tí èdè ti ń dunni ni ilé ìwòsàn. Orí fífọ́ ní orúkọ ní Faransé, inú rírun náà ní. Kí ni èèyàn fẹ́ pe "ara mi ò lélẹ̀"? Kí ni a ó pe "àyà mi ń já"? Mo ti rí ìyá àgbà kan láti Ìmálà tó wá kí ọmọ rẹ̀, tó ń sọ fún dókítà pé nǹkan ń rìn lára òun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀ sọ fún dókítà pé kòkòrò ni. Oògùn kòkòrò ni wọ́n fún ìyá náà.

Ní ti owó, mi ò ní purọ́ fún yín, àwa oníṣòwò ń jèrè díẹ̀. Ní 2015 tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà máa ń súnmọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà. Nígbà tó fi di 2025, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí irinwó. Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróò, kì í mì bẹ́ẹ̀. Náírà wa ló ń sọ̀kalẹ̀, ní pàtàkì láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ẹni tó ń ra ọjà ní náírà tó ń tà á ní sẹ́fà lè mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí òbí rẹ̀ ń fi náírà ránṣẹ́ sí láti Abẹ́òkúta, kó fi san owó ilé àti owó iléèwé, ebi ń pa á. Mo mọ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé gààrí ni wọ́n fi ń lo oṣù já. Àwa oníṣòwò náà rí tiwa nígbà tí ìjọba ti ibodè pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹrù wa ń jẹrà lójú ọ̀nà, a ò sì mọ ẹni tí a ó fẹjọ́ sùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fetí sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnú láìpé oṣù méjì, ìjọba àpapọ̀ wa dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ó yẹ kí wọ́n wádìí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lo ọdún mẹ́rin gbáko, tó jí lójoojúmọ́, tó kọ́ Faransé, tó ṣe ìdánwò, òun àti oníjìbìtì ni wọ́n jọ fi sínú àpò kan. Ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹbí ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba Benin bóyá iléèwé náà ní àṣẹ fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́. Àṣẹ láti dá iléèwé sílẹ̀ kò túmọ̀ sí àṣẹ fún gbogbo ẹ̀kọ́. Kí ọmọ sì gba ìwé ìgbélùú ní ọdún tó dé. Òun ni yóò jẹ́rìí pé ó gbé níbẹ̀ lóòótọ́.

Kí a má rò pé àwa nìkan ni ìwé ń dà láàmú. Àwa náà ti lo ìwé lórí ẹlòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá sì padà sílé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà. Ọmọ iléèwé girama ni wá nígbà náà. Ẹ rántí àwọn tíṣà ará Ghana tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Tèmi kò padà wọ kíláàsì wa mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa ibi tó lọ. Orúkọ tí a fún báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ni a mọ̀, a ò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀kan wà tó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, onílé mi kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Ṣé Abẹ́òkúta tìrẹ yìí náà ni wọ́n ti ń fi àwọn ọmọ wa fọ́ òkúta?" Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọdé ilẹ̀ Benin tó lé ní ọgọ́rùn-ún kúrò níbi ìfọ́kúta ní agbègbè wa níbí, wọ́n sì dá wọn padà. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti apá Za-Kpota, tí kò jìnnà sí Àgbómẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n, tí wọ́n fi òòlù fọ́ òkúta tí a fi kọ́lé. Ogun 1851, èmi àti ẹ̀gbọ́n yẹn lè fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí, mi ò rí èsì fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìlú mi ni. Ó dákẹ́, ó sì gbé omi fún mi mu.

Ààrẹ, mo mọ̀ pé àkókò ń lọ. Nínú ilé àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn ọmọ Ègùn wà tó ń fọ abọ́, àwọn ará Togo wà tó ń mọlé fún wa, àwọn kan ń ṣọ́ géètì. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ yan èèyàn méjì tí yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn àti fóònù òbí wọn. Ọmọdé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó iṣẹ́, kí a bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí ó lè délé. Mo lè bá wa wá àwọn òbí tó wà ní apá Kùtọnú àti Àjàṣẹ́, èmi náà á san owó ọkọ̀ ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Monday ni mò ń padà, ọ̀nà Ìdìròkò. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ tó fẹ́ fi nǹkan rán mi, kó rí mi kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò bi mí léèrè.