Fòníkú-Fọ̀ladìde: Ìrora Kò Gbọdọ̀ Gba Ayé Ẹni

 Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìrora ń bá gbé láti kékeré ni mo mú wá lónìí.

Àwọn baba ńlá wa mọ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Bí baba bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ó wà kí ọmọ jẹ́ SS. Hóró ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, egungun a sì máa ro ó gidigidi. Kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe èpè.

Ní ọdún 1910, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Dókítà James Herrick kọ̀wé nípa aláìsàn kan, Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada. Ìwé náà ni ó kọ́kọ́ fi àìsàn yìí han àwọn oníṣègùn òyìnbó. Pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀, Noel kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín yege, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916. Kò dàgbà, ṣùgbọ́n kò wá ayé lásán. Ní Èkó tiwa níhìn-ín, Alhaja Asiata Onikoyi-Laguda, tí òun náà jẹ́ SS, lò ju 90 ọdún lọ láyé.

Ẹni tí ó bá sọ pé ìgbà tí ìrora bá tán ni òun yóò tó gbé ayé òun, yóò dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, tí ó yan iṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbà, tí ó sì ń sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́, yóò rí ayọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe. Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sá fún òtútù, kí ó máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó má sì pa ọjọ́ tí dókítà dá fún un jẹ.

Àwa tí ara wa le ní ipa tiwa. Ẹ má ṣe pe ẹni tí ń jẹ̀rora ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rí omi mu ní kíláàsì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ ọ́ létí rẹ̀ pé kò ní pẹ́ láyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó fẹ́ ara yín.

Apá méjì ni orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn náà ní. Ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ fòníkú nìkan. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ fọ̀ladìde pẹ̀lú, kí ẹni tí ó bá dìde lọ́la lè bá iṣẹ́, ọ̀rẹ́ àti àyè tirẹ̀ láàárín wa.