Ìlú Dublin àti Àwọn Tí Ó Tẹ̀ Ẹ́ Dó



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ti ìlú kan tí ó jìnnà sí wa, èyíinì ni Dublin, olú-ìlú Írẹ́lándì. Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ náà, ẹni tí ó máa ń wá sí ọkàn wa ni Patrick Mímọ́, ẹni tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì padà tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú Ìhìnrere. Ìtàn rere ni, àwa náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀yìn Patrick ni ó sọ Dublin di ìlú. Àwọn akónilẹ́rú ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Èyí ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò.

Àwọn tí a ń sọ yìí ni à ń pè ní Viking, àwọn ará ìhà àríwá, láti Nọ́wè àti Dẹ́nmárkì. Atukọ̀ ni wọ́n, jagunjagun ni wọ́n, oníṣòwò sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ní ọdún 795 ni wọ́n kọ́kọ́ kọlu etí òkun Írẹ́lándì. Ní 806 wọ́n pa ènìyàn 68 nínú àwọn ará ilé ìsìn erékùṣù Iona, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Ní 821 wọ́n kọlu Howth, tí kò jìnnà sí ibi tí Dublin wà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin lọ ní òǹdè. Nígbàtí ó di 841, wọ́n mọ odi yí ọkọ̀ wọn ká ní etí odò Liffey, lẹ́bàá omi kan tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Dubh Linn, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Adágún Dúdú. Láti inú ibùdó yìí ni ìlú ti jáde. Ní 871 àwọn olórí wọn méjì, Olaf àti Ivar, padà wọ̀ ọ́ láti Scotland pẹ̀lú 200 ọkọ̀ àti ògọ̀ọ̀rọ̀ òǹdè.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọdún 821. Ní 1821, ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì fi okùn sí ọrùn Àjàyí, ọmọ tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nítorínáà kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè gbọ́ ti àwọn obìnrin Howth kí ó sì wí pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni.

Síbẹ̀ àwọn tí ń kó ènìyàn wọ̀nyí ní ilé àti ọmọ. Láàrin 1974 àti 1981, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ ní Wood Quay àti Fishamble Street, lẹ́bàá odò náà, wọ́n sì rí ìpìlẹ̀ ilé tí ó ju 100 lọ. Igi tí a hun bí apẹ̀rẹ̀ ni ògiri wọn, ààrò wà ní àárín ilé, koríko ni a sì fi bo òrùlé. Àwọn oníṣọ̀nà wọn ń fi ìwo àgbọ̀nrín ṣe òòyà. Ààlà tí ó wà láàrin ilé kan àti èkejì kò yẹ̀ ní ipò rẹ̀ láti ìran dé ìran. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn pọ̀: ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n fi igi óákù kàn ní Dublin ní nǹkan bí 1042, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 30, ni a rí nínú omi ní Roskilde ní Dẹ́nmárkì, tí a sì gbé jáde ní 1962. Ní 2007, ọkọ̀ tí a kàn ní àwòṣe rẹ̀ ti Roskilde wá sí Dublin.

Báwo ni ìgbàgbọ́ ṣe wọ àárín wọn? Ọba Olaf Cuaran gba ìrìbọmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 943. Ní 980, lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun rẹ̀ ní Tara, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ sí Iona, níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó kú síbẹ̀ ní ìrònúpìwàdà. Ọmọ rẹ̀ ni Sitric, ẹni tí ó kọ́kọ́ rọ owó fàdákà ní Írẹ́lándì. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1014 ni a ja ogun Clontarf, nínú èyí tí a pa Brian Boru, ọba ńlá Írẹ́lándì. Àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ẹni pé Kristẹni bá kèfèrí jà lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Írẹ́lándì ni ìyá Sitric, ọmọ Brian ni aya rẹ̀, àwọn ará Leinster sì jà fún Dublin. Ní 1028 Sitric lọ sí Róòmù fún ìsìn, nígbàtí ó dé, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Kàtídírà Christ Church, lórí òkè tí ó kọjú sí Wood Quay. Ní 1074 a ya Patrick, bíṣọ́ọ̀bù kejì ìlú náà, sí mímọ́ láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, gẹ́gẹ́ bí a ti ya Crowther wa ní 1864.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i, ará: agogo ń dún lórí òkè, a sì ń ra ènìyàn ní èbúté nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìrìbọmi kò fi òpin sí ọjà náà. Láti Bristol ni a ti ń kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tà, títí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfstan ti Worcester fi wàásù lòdì sí i. Ní 1170 àwọn Norman gba Dublin. Nígbànáà, gẹ́gẹ́ bí Gerald ará Wales ti kọ ọ́, àwọn àlùfáà Írẹ́lándì pé jọ ní Armagh, wọ́n jẹ́wọ́ pé nítorí rírà tí wọ́n ń ra ènìyàn ni ìyà yìí ṣe dé, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lóko ẹrú sílẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́.

Nígbàtí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì lórí Wood Quay, nǹkan bí 20,000 ènìyàn rìn ní ìgboro ní 1978 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ṣáájú wọn nínú ìjà náà ni F. X. Martin, àlùfáà àti olùkọ́ ìtàn. A kọ́ ọ́fíìsì náà síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tí a rí gbà sílẹ̀ ń bẹ nínú ilé ìṣúra ìtàn ìlú náà títí di òní.

Àwa ńkọ́? A ti gbọ́ tí àwọn kan nínú ìjọ ń wí pé kò yẹ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé Yorùbá ta Yorùbá. Ara wa bù máṣọ nígbàtí a gbọ́ ọ. Ọmọ ẹni tí a tà ni àwọn kan nínú wa, ọmọ ẹni tí ó tà á ni àwọn mìíràn, a sì jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjọ wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ jẹ́ kí á lọ bi àwọn àgbàlagbà tí ó kù ní agbolé wa léèrè, kí á kọ èyí tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, ti ògo àti ti ìtìjú, kí ilẹ̀ tó bò ó.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè gbà á. Àmín.