Àṣírí Ọ̀rọ̀ Inú Fóònù Wa: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Sọ Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́

 

Alága ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí ìbéèrè tí ìyá kan bi mí níbi ìpàdé. Ọmọ wọn tó wà ní Jámánì sọ fún wọn pé lọ́hùn-ún báyìí, ẹni tó ń lo WhatsApp lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò lo WhatsApp rárá. Màmá wá ní, "Akọ̀wé, ṣé àṣírí wa ò ní tú báyìí?"

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ní ọdún 2022, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Digital Markets Act. Wọ́n rí i pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Meta, tó ni WhatsApp, ti gba ọjà mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tó bá jẹ́ alágbàtà kan ṣoṣo ló ń ra tòmátì gbogbo oko, iye tó bá wù ú ló máa san. Òfin náà ní kí WhatsApp ṣílẹ̀kùn fún àwọn kéékèèké. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Meta kéde pé méjì, BirdyChat àti Haiket, ló máa kọ́kọ́ wọlé. Àwọn tó wà ní Yúróòpù ló wà fún o, kò tíì kan fóònù tiwa níbí. Lọ́hùn-ún pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ ló ń tan án.

Ẹ jẹ́ kí n fi àrokò ṣàlàyé ìyókù. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí èèyàn ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tó ń gbé e lọ lè máà mọ nǹkan kan. Bí WhatsApp náà ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún 2016: ọ̀rọ̀ tí mo kọ á ti di àrokò kó tó kúrò lórí fóònù mi, orí fóònù tiyín ló ti ń padà di ọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń gbé e kò rí i kà.

Àmọ́ o, ìránṣẹ́ mọ ilé tó ti gbé e, ó mọ ilé tó gbé e dé. Ẹni tó bá rí i pé ojoojúmọ́ ni mò ń ránṣẹ́ sí olówó èlé ti mọ̀ pé gbèsè wà lọ́rùn mi, bí kò tiẹ̀ ka ohunkóhun. Bí iléeṣẹ́ bá wá di méjì, ìránṣẹ́ méjì ló mọ̀ ọ́n yẹn.

Tí ìlú méjì kò bá sì pa irú àrokò kan náà ńkọ́? Bí wọ́n bá fi ògbufọ̀ sí ẹnubodè kó máa tú u, kó tún un dì, ògbufọ̀ ti gbọ́ ohun gbogbo. Meta kò gba ọ̀nà yẹn, ó yẹ ká yìn wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ pa irú àrokò tí àwọn ń pa, tí àwọn ẹni Signal ṣe, tàbí òmíràn tó lágbára tó o. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ ọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ èkejì, àwọn kò lè ṣe onídùúró ohun tó máa fi ṣe, torí àwọn kọ́ ló ni ibẹ̀. Ní ọdún 2024, Signal àti Threema, tí wọ́n mọ̀ mọ àṣírí pípamọ́, ní àwọn kò ní bá wọn dá sí i. Èmi ò bá wọn wí.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù jù ni ẹni tó wà lódì kejì. Ẹ rántí ọdún 2023, tí ẹnì kan pè mí ní ohùn jẹ́jẹ́, tó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù mi fún òun. Mo kà á. Kí n tó délé, ó ti ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ yín, ẹni méjì nínú yín sì ti fi owó ọjà ránṣẹ́. Títí dòní ojú ń tì mí. Kò sẹ́ni tó já àrokò kankan o, èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ní báyìí tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù la fi ń dá ara wa mọ̀, a ṣì ń ṣìnà. Tí ẹnu ọ̀nà bá wá di mẹ́ta, mẹ́rin, tí oníkálukú ní bó ṣe ń ṣàyẹ̀wò ẹni tó ń wọlé, àwọn ẹni yẹn á ráyè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi fẹnu kò pé akápò kò ní san owó sí àkáǹtì tuntun tí a bá kọ ránṣẹ́ sí i, àfi tó bá pe oníǹkan tó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ má bínú sí akápò o. Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín ní Jámánì pé kó tó tan nǹkan yẹn, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni èkejì àti ohun tó ń kó pamọ́ nípa èèyàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti àwọn ọmọ wa méjì kan máa jókòó sábẹ́ kánópì tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ gbé fóònù yín wá, a máa bá yín fi PIN sórí WhatsApp yín, kí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan má tó mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ ká rí i.