Ìwé Tí Wọ́n Dá Padà Kò Tíì Kú
(Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà)

  

Bí ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọ̀tà tàbí Sàngó bá fi òru kọ ìwé, tí ilé ìtẹ̀wé dá a padà, ó lè rò pé kádàrá ni, kí ó sì sọ kálámù nù. Èrò yìí kò tọ́. Ànábì lọ sí Táífù, wọ́n sọ ọ́ ní òkò, síbẹ̀ kò dẹ́kun ìpè rẹ̀.

Kí olúkúlùkù wo Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn rẹ̀. Ikú bàbá rẹ̀ fi òpin sí ilé ìwé rẹ̀. Ó ṣe alágbẹ̀dẹ, ó sì di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ó fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi èkejì, The Palm-Wine Drinkard, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ń tẹ ìwé Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn náà kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ọwọ́ wọn kọjá títí tí Faber and Faber fi tẹ̀ ẹ́ ní 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bẹnu àtẹ́ lu Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ìwé àkọ́kọ́ náà jáde níkẹyìn ní 1982.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí ilé ìtẹ̀wé ń tẹ̀. Kí ó má sì fi iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ìránṣẹ́ ni Tutuola nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ọ̀ràn yìí kan ẹ̀sìn. Ní 1906, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan, M. S. Cole, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Al-Kùránì jáde ní Yorùbá. Ó di ẹ̀wádún 1970 kí àwọn Mùsùlùmí tó tẹ tiwọn. Bí Mùsùlùmí bá sọ kálámù nù, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣàlàyé ẹ̀sìn rẹ̀ fún aráyé.

Kí Ọlọ́run fún àwọn òǹkọ̀wé Mùsùlùmí ní sùúrù àti àníyàn rere. Àmín.